Ètò ààbò iléeṣẹ́ tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní agbègbè eléwu: kí ni kéèyàn yẹ̀ wò kó tó fọwọ́ sí i?

Àdìó_Bódìjà (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Iléeṣẹ́ wa ní Ìbàdàn ló ń bá àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì tọ́jú òpó wọn: jẹnẹrétọ̀, bátìrì, sólà, dísù, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ òpó. Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun la ti ń ṣe é bọ̀. Ní báyìí wọ́n fẹ́ fi àwọn òpó apá Kaiama àti Baruten ní Kwara kún un fún wa, títí dé ẹ̀gbẹ́ igbó Kainji. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ìròyìn, ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí lásìkò yìí.

Ọ̀gá àgbà ti lọ gba iléeṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ kan, wọ́n sì ti kọ ètò ààbò wá, ìwé tó nípọn dáadáa. Èmi kì í ṣe sójà, n kì í ṣe ọlọ́pàá, ẹ̀ka tó ń yẹ ìwé owó wò ni mo wà. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí àwọn olùdarí tó fọwọ́ sí i. Mo ti kà á tán. Kámẹ́rà wà níbẹ̀, máàgádì wà níbẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pàá wà níbẹ̀. Àmọ́ mo dé ojú ewé kan, wọ́n ní bí wàhálà bá bẹ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ gba etí omi lọ, ọkọ̀ ojú omi á wá gbé wọn níbẹ̀.

Etí omi wo ní ìlú Kaiama? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wò, kí ni kí n bi wọ́n?

Ṣájẹ́ǹtì_Tó_Fẹ̀yìn_Tì

Háà! Warri ni wọ́n kọ ìwé yẹn fún, wọ́n kàn pààrọ̀ orúkọ ìlú ni. Àbúrò, ẹ rọra máa kà á, ẹ ṣì máa rí ibi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń bẹ́ páìpù.

Ibi ìbọn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn máa pèsè ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn, ẹ bi wọ́n pé ẹ̀ṣọ́ ta ni. Lábẹ́ òfin ọdún 1986 lórí iléeṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni, ẹ̀ṣọ́ aládàáni kò láṣẹ láti gbé ìbọn ní Nàìjíríà. Sífú Dífẹ́ńsì ló ń fún wọn níwèé àṣẹ, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ọ̀hún hàn yín, kẹ́ ẹ sì wo ọjọ́ tó máa parí. Ìbọn tí wọ́n ń sọ, MOPOL ni, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ló sì ni MOPOL. Lọ́jọ́ tí kọmíṣánnà bá nílò wọn, yóò kó wọn. Tí ìbò bá dé, wọ́n á kó wọn. Mo ti wà nínú àwọn tí wọ́n kó rí, a fi àwọn tí à ń ṣọ́ sílẹ̀ sínú ọgbà, a bọ́ sínú mọ́tò. Ṣé ìwé yín sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Àmọ́ èmi ò ní purọ́ fún yín o, láìsí ìbọn níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má wọ apá ibẹ̀ yẹn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_London

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín títí dé ìlà tó kẹ́yìn. Iṣẹ́ yìí gan-an ni mò ń ṣe jẹun níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn In Amenas.

Ibùdó gáàsì kan wà ní Tigantourine, nínú aṣálẹ̀ Algeria, lápá ẹnubodè Libya. Iléeṣẹ́ mẹ́ta ló jọ ni ín: Sonatrach ti Algeria, BP ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Statoil ti Norway tó ń jẹ́ Equinor báyìí. Ní ìdájí ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2013, àwọn agbésùnmọ̀mí 32 ya wọ ibẹ̀. Kí gbogbo rẹ̀ tó rọlẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, èèyàn 40 ti kú. Òṣìṣẹ́ Statoil jẹ́ márùn-ún nínú wọn.

Statoil gbé ìgbìmọ̀ dìde, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ síta fún gbogbo ayé ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló lè tú aṣọ ara ẹ̀ sójú ọjà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí nìyí: ìpele ààbò méjì ló wà. Ti òde jẹ́ ti sójà Algeria tó ń ṣọ́ aṣálẹ̀. Ti inú ni fẹ́ǹsì, géètì àti ẹ̀ṣọ́ tí kò gbé ìbọn. Sójà òde kò rí àwọn tó ń bọ̀, kò sì dá wọn dúró. Ti inú kò lágbára tó lè dá irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ dúró, kódà kò lè fà á sẹ́yìn díẹ̀ kéèyàn ráyè sá pamọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ọkàn àwọn ti balẹ̀ jù sórí ààbò sójà. Àmọ̀ràn 19 ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Nítorí náà, Àdìó, tí mo bá gba irú ìwé tẹ́ ẹ gbà yẹn, ojú ewé tí mo kọ́kọ́ máa ń wá ni èyí tó sọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí àwọn tó gbé ìbọn kò bá yọjú. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, kò sí i. Wọ́n á ti fi kámẹ́rà àti àwòrán máàpù aláwọ̀ mèremère kún ìwé.

Ṣájẹ́ǹtì_Tó_Fẹ̀yìn_Tì

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí Algeria ní kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ wọ igbó lọ́wọ́ òfo o. Èèyàn tó wà ní London kò mọ bí ọ̀nà Kishi sí Kaiama ṣe máa ń dá.

Báyọ̀_Kò_Ṣe_Yẹ̀yẹ́

Kí ló ń jẹ́ MOPOL? Ẹ lọ gba Àmọ̀tẹ́kùn, kí ọ̀rọ̀ parí 😂

Àdìó_Bódìjà

@Báyọ̀, ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn gúúsù ló dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ọdún 2020. Kwara kò sí nínú ẹ̀. Jọ̀ọ́, jẹ́ ká gbọ́ràn.

Adùkẹ́_Maidugùri

Ẹ̀yin bọ̀dá mi méjèèjì, ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ló ní ìtàn tó ń tì í lẹ́yìn. Iṣẹ́ àwọn aláàánú ni mò ń ṣe níbí.

Ti ẹ̀gbọ́n Ṣájẹ́ǹtì ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, ọ̀gá pátápátá àjọ aláàánú kan láti Norway, NRC, wá ṣèbẹ̀wò sí ibùdó àwọn tí ogun lé wá sí Dadaab ní Kenya. Ewu ìjínigbé wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀. Àwọn àjọ mìíràn ń fi ẹ̀ṣọ́ oníbọn rìn. NRC pinnu láti má lò wọ́n lọ́jọ́ náà. Àwọn agbébọn kọ lù wọ́n, awakọ̀ kan kú, wọ́n jí òṣìṣẹ́ mẹ́rin gbé lọ sí Somalia, ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó gbà wọ́n sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Canada, pe agbanisíṣẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ilé ẹjọ́ Oslo dá a láre, wọ́n ní ìwà àìbìkítà tó burú gan-an ni àjọ náà hù, wọ́n sì ní kí wọ́n sanwó fún un. Látìgbà náà ni gbogbo àwa tá a wà nínú iṣẹ́ yìí ti mọ̀ pé "ó mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ sí i pé òun máa lọ" kò gba agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ adájọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti òdìkejì. Ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2017, níbí ní Borno. NNPC ń wá epo ní agbègbè adágún Chad, àwọn olùkọ́ yunifásítì Maiduguri sì wà lára ikọ̀ náà. Sójà ń sin wọ́n, àwọn fijilanté CJTF náà ń sin wọ́n. Boko Haram lúgọ dè wọ́n lápá Magumeri. Èèyàn tó kú lé ní 50, àwọn sójà àti fijilanté tó ń sin wọ́n sì pọ̀ nínú òkú náà. Iléeṣẹ́ ológun kọ́kọ́ kéde pé àwọn ti gba gbogbo òṣìṣẹ́ NNPC sílẹ̀, wọ́n padà wá tọrọ àforíjì pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùkọ́ mẹ́ta tí wọ́n kó lọ kò padà dé títí di oṣù kejì ọdún 2018.

Ṣé ẹ ń rí i? Àwọn kan kò mú ẹ̀ṣọ́, ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi. Àwọn kan mú ẹ̀ṣọ́ tó pọ̀, wọ́n kó sọ́wọ́ ikú. Ohun tí èmi máa ń béèrè ni ta ló ní àṣẹ láti sọ pé "a ò lọ lónìí." Kí wọ́n kọ orúkọ onítọ̀hún sílẹ̀. Kó má jẹ́ ẹni tó máa pàdánù bọ́nọ́ọ̀sì bí iṣẹ́ kò bá lọ.

Ó tún ku ẹyọ kan. Bí ọlọ́pàá tẹ́ ẹ ń sanwó fún bá yìnbọn pa darandaran kan lọ́nà, orúkọ yín ni àwọn ará ibẹ̀ máa mọ̀. Láti ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn iléeṣẹ́ epo àti ìwakùsà pẹ̀lú àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ti jọ ṣe ìlànà lórí bí iléeṣẹ́ ṣe máa bá sójà àti ọlọ́pàá lò. Ẹ wò ó bóyá ìwé yín tilẹ̀ mẹ́nu bà á.

Ṣájẹ́ǹtì_Tó_Fẹ̀yìn_Tì

Adùkẹ́, ọmọ mi, o káre. Magumeri yẹn dun gbogbo wa. Ìbéèrè àṣẹ tó o bi yẹn, mo gbà á.

Ẹlẹ́rọ_Òpó_Ilọrin

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, mo ní kí n dákẹ́, n ò lè dákẹ́ mọ́. Èmi gan-an ni ẹni tó ń gun òpó.

Ọ̀gá Àdìó, ẹ gbé ìwé ààbò yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ lọ mú ìwé àdéhùn iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ bá oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì fọwọ́ sí, ẹ ka ibi tí wọ́n ti ń sọ iye tí wọ́n máa gé bí òpó bá kú. Ibẹ̀ ni ààbò wa wà.

Báyìí ló ṣe ń rí. Òpó á kú ní aago mẹ́jọ alẹ́. Wáyà á bẹ̀rẹ̀ sí í dún: "Site ti lọ o, kí lẹ ń wò?" Nínú ìwé ààbò, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rìn lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nínú ìwé iṣẹ́, òpó gbọdọ̀ jí láàárín wákàtí mẹ́rin. Èwo ni súpáfáìsọ̀ máa tẹ̀lé? Èyí tó ń gé owó ni. Kò sì ní pàṣẹ fún ẹ pé kó o lọ o. Á kàn ní, "Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é." Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, á ní ìwọ lo pinnu láti rìn lóru.

Tó bá wá jẹ́ hub, ìyẹn òpó tí àwọn òpó mìíràn ń tipasẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ ò ní sùn. Ọ̀gá tí ẹ ò mọ̀ rí láti Èkó á máa pè yín.

Ẹ tún wo eléyìí. Òpó tá a fẹ́ lọ tún ṣe gan-an ló ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀. Ó ti kú. Nítorí náà, bá a ṣe ń sún mọ́ ọn ni fóònù wa ń di páálí. Ìwé ààbò á ní "kí òṣìṣẹ́ pe ọ́fíìsì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn." Kí n fi kí ni pè? Fóònù sátẹ́láìtì ẹyọ kan tó wà ní iléeṣẹ́ tí mo ti kúrò, inú dúróò mánéjà ló wà, torí wọ́n ní owó ìpè rẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá sì ń wá ẹlẹ́rọ láti mú, kò nílò láti wá a kiri. Kó gé wáyà kan, kó jókòó, á bá wa lẹ́nu ọ̀nà òpó.

Àdìó_Bódìjà

Mo lọ yẹ ìwé àdéhùn wò báyìí. Wákàtí mẹ́rin fún òpó lásán, méjì fún hub. Kò sí ìlà kan ṣoṣo tó yọ òru tàbí wàhálà ọ̀nà sílẹ̀. Orí ń fọ́ mi.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_London

@Ẹlẹ́rọ, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún èmi láti ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ níbí, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Kókó kan ló kù sí ọ̀rọ̀ yẹn: rírìn ní àkókò kan náà, ọ̀nà kan náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 2002, àwọn ẹlẹ́rọ Faransé tó ń bá Pakistan kan ọkọ̀ ogun abẹ́ omi wà nínú bọ́ọ̀sì níwájú hòtẹ́ẹ̀lì Sheraton ní Karachi. Bọ́ǹbù pa 11 nínú wọn. Bọ́ọ̀sì kan náà ló máa ń wá gbé wọn láràárọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, ní ọdún 2004, ilé ẹjọ́ ní Faransé sọ pé agbanisíṣẹ́ wọn, DCN, jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní àwíjàre, torí ó yẹ kó ti mọ̀ pé ewu wà. Ẹ wo ọjọ́ tí ọkọ̀ dísù yín ń lọ sí òpó. Bó bá jẹ́ gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ọjà ló ti mọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Àkóbọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ìwé ààbò o. Dẹ́rẹ́bà ni ọkọ mi. Lọ́dún kan wọ́n dá ọkọ̀ wọn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n kó wọn wọ igbó. Iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ kò pè mí. Ìyàwó dẹ́rẹ́bà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló pè mí ní ìdájí, ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí WhatsApp kí n tó mọ̀. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì wọn, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wo kọ̀ǹpútà, ó ní orúkọ ọkọ mi kò sí níbẹ̀, kí n lọ bá agbaṣẹ́ṣe tó kó wọn wá. Agbaṣẹ́ṣe ti pa fóònù. Àwa ẹbí la gba ṣọ́ọ̀ṣì gba mọ́ṣáláṣí tọrọ owó. Ọlọ́run ṣe é, ó padà wálé, ṣùgbọ́n kò wakọ̀ mọ́.

Ẹ bá mi bi wọ́n: ta ló máa pe ìyàwó?

Adùkẹ́_Maidugùri

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Ẹ kú orí ire pé ó padà wá.

Ṣájẹ́ǹtì_Tó_Fẹ̀yìn_Tì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmójúkúrò. Ọlọ́run á tù yín nínú.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_London

Ọ̀rọ̀ màmá yìí gan-an ló ń da Palma láàmú títí dòní. Palma wà ní àríwá Mozambique. Ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2021, ọjọ́ kan náà tí Total, iléeṣẹ́ epo Faransé, kéde pé iṣẹ́ gáàsì rẹ̀ ní Afungi nítòsí ibẹ̀ máa padà bẹ̀rẹ̀, làwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ ìlú náà. Wọn ò wọ inú ọgbà Afungi. Àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tó ń gbé nínú ìlú ló sá wọ hòtẹ́ẹ̀lì Amarula. Nígbà tó ṣe, wọ́n to ọkọ̀ tẹ̀lé ara wọn láti sá, àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì lúgọ dè wọ́n lójú ọ̀nà, wọ́n pa lára wọn. Ní ọdún 2025 ni àwọn agbẹjọ́rò ìjọba Faransé ṣí ìwádìí lórí bóyá iléeṣẹ́ náà lọ́wọ́ nínú ikú wọn nípa àìbìkítà. Iléeṣẹ́ náà ní àwọn ò jẹ̀bi. Bó ti wù kó parí, ìbéèrè tí gbogbo ayé ń bi wọ́n ni: àwọn tó wà lóde fẹ́ǹsì yín, ta ló ni wọ́n?

Ọmọ_Kétu_229

Mo ń kí yín láti Kétu o, ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Bí ẹ bá ń sọ ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹ má gbàgbé Lafarge, èyí tí ẹ̀yin náà mọ orúkọ rẹ̀ lára símẹ́ńtì Ewékorò. Ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì kan wà lọ́wọ́ wọn ní Jalabiya, àríwá Syria. Nígbà tí ogun le ní ọdún 2012, wọ́n kó àwọn òyìnbó kúrò. Àwọn ọmọ Syria ń lọ síṣẹ́, wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà àwọn agbésùnmọ̀mí kọjá lójoojúmọ́, títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 tí ISIS gba ibẹ̀ pátápátá. Iléeṣẹ́ ń sanwó fún ISIS àti àwọn mìíràn kí símẹ́ńtì lè máa jáde. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Lafarge fúnra rẹ̀ gbà nílé ẹjọ́ Amẹ́ríkà pé òun jẹ̀bi, owó tí wọ́n bù fún un sì súnmọ́ mílíọ̀nù 778 dọ́là.

Ní apá Alibori níbí náà, ní àríwá Benin wa, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "ẹ fún wọn ní nǹkan kékeré, wọ́n á fi yín sílẹ̀." Ọ̀gá Àdìó, ẹ wo ìwé owó yín. Bí ẹ bá rí owó "àjọṣe pẹ̀lú ará ìlú" tí kò ní rìsíìtì, ẹ béèrè ìlú wo àti ará wo.

Àlàkẹ́_Adójútòfò

Ẹ ṣé, Kétu, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Iṣẹ́ adójútòfò ni mò ń ṣe, Àdìó, ibi tó kàn ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yẹ owó wò nìyí.

Lábẹ́ òfin ẹ̀san òṣìṣẹ́ ọdún 2010, agbanisíṣẹ́ gbọdọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀san náà. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀, tiyín àti ti agbaṣẹ́ṣe tó ń kó dẹ́rẹ́bà wá fún yín. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ń kọ èèyàn mẹ́ta sílẹ̀ tó sì ń kó ogún wá, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó kù.

Bí iléeṣẹ́ yín bá ní adójútòfò ìjínigbé, ẹ má sọ ọ́ síta rárá, kò yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ gan-an mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹ kà á nílé títìpa. Ẹ wo àwọn tó bò. Ọ̀pọ̀ tí mo ti rí, àwọn olùdarí àti àlejò láti òkè òkun ló bò, àwọn tí kì í dé Kaiama láé.

Owó àwọn tó ń ṣọ́ òpó náà ńkọ́? Iye tí iléeṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ń gbà lọ́wọ́ yín lórí ẹnì kan wà nínú ìwé. Ẹ pe ọmọkùnrin tó ń sùn lábẹ́ òpó fúnra rẹ̀, ẹ bi í pé èló ló wọ ọwọ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá, àti pé ṣé ó tiẹ̀ wọlé.

Ẹlẹ́rọ_Òpó_Ilọrin

Ẹ fi ẹsẹ̀ kọ ọ́, Àǹtí! Ọmọ ìlú tó ń ṣọ́ òpó ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bí àlejò bá wọ igbó. Ó gbọ́ Batonu, ó gbọ́ Fúlàní, ó mọ ọ̀kadà tí kì í ṣe ti àdúgbò. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́ta, kí ló fẹ́ tìtorí ẹ̀ pè yín?

Àdìó_Bódìjà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Ẹ ṣeun títí.

Mo pe àwọn ará iléeṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà wá sí ìpàdé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ etí omi yẹn, àṣìṣe ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni. Mo ní kò burú. Mo wá fi fóònù sórí tábìlì níwájú gbogbo wa, mo tẹ nọ́ńbà pàjáwìrì tí wọ́n kọ sínú ìwé pé ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru. Ẹni tó gbé e ní òun ti fi iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ tipẹ́, pé Canada lòun wà, pé ìdájí ni níbẹ̀ o, ta ló ń pe òun. Ọ̀gá wọn wo ilẹ̀.

Mo mú orúkọ àwọn tí ètò náà bò, mo mú orúkọ àwọn tó máa lọ sí Kaiama gan-an. Òṣìṣẹ́ wa tó wà lórí ìwé owó oṣù nìkan ni wọ́n kọ. Dẹ́rẹ́bà, àwọn tó ń gun òpó, àwọn tó ń gbé dísù, ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe ni gbogbo wọn wà, kò sí ẹyọ ẹnì kan wọn níbẹ̀. Ìyá Ìbejì, mo ka ìbéèrè yín sí wọn létí bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé kí orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú nọ́ńbà ẹbí rẹ̀, kí wọ́n sì yan ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pè wọ́n.

Lórí ìwé àdéhùn, a kọ̀wé sí oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé kí wọ́n má ka aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ mọ́ iye wákàtí fún àwọn òpó apá yẹn. Wọ́n dáhùn pé àwọn lè gbà á fún òpó lásán, pé ti hub kò ṣeé ṣe. Ọ̀gá àgbà ń bínú sí mi báyìí. Ó ní bí a bá ń rojọ́ báyìí, iléeṣẹ́ mìíràn á gba iṣẹ́ náà mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹlẹ́rọ_Òpó_Ilọrin

Òótọ́ ni, wọ́n á gbà á. Èmi náà ni wọ́n sì máa pè.

Ẹ má bá wọn jà lórí wákàtí hub mọ́. Ẹ ní kí wọ́n gbé bátìrì lítíọ̀mù tó lè gbé e dé ojúmọmọ síbẹ̀ kí wọ́n tó fà á lé yín lọ́wọ́, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kejì. Hub ò ju mẹ́lòó kan lọ ní gbogbo apá ibẹ̀ yẹn. Bí iná kò bá lọ lóru, kò sí ohun tó máa gbé wa jáde lóru. Owó rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òpó wọn ló máa dúró sí, kò sí ìdí tí wọ́n á fi kọ̀.

Ṣájẹ́ǹtì_Tó_Fẹ̀yìn_Tì

Kí wọ́n wá fi bátìrì yẹn sínú kéèjì onírin o. Òun gan-an ni wọ́n ń jí jù.

Àdìó_Bódìjà

Mo ti fi méjèèjì kún un. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn olùdarí máa jókòó.